ÈDÈ KÌ Í DÉÉDÉÉ KÚ: Ẹ̀RÍ LÁTI ILẸ̀ ARMÉNÍÀ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan fẹ́ràn láti máa sọ, tí ó sì ti di orin lẹ́nu àwọn tí kì í ronú jinlẹ̀. Wọ́n ní èdè kékeré dà bí ewé orí igi: bí àsìkò rẹ̀ bá pé, yóò pọ́n, yóò sì já bọ́, kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi, kò sí ẹni tí a lè pè lẹ́jọ́. Wọ́n ní bí ayé ti ń yí nìyẹn. Àwa kò gbà. Èdè kì í déédéé kú. Bí a bá rí èdè tí ó ń kú lọ, kí a wá ẹni tí ó di ọ̀bẹ mú; kí a sì wá ẹni tí ó dúró tì í, tí ó ń wí pé òun kò rí ẹ̀jẹ̀. Bí a bá sì rí èdè kékeré tí ó yè, kì í ṣe orí rere nìkan ni ó mú un yè. Àwọn ènìyàn ni ó náwó sí i, àwọn ni kò sùn nítorí rẹ̀, àwọn mìíràn sì kú lé e lórí.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí lẹ́yìn iṣẹ́ oko, a kò ní kí ẹ gbà wá gbọ́ lásán. A mú ẹlẹ́rìí wá. Ẹlẹ́rìí náà ni èdè àwọn ará Arméníà.

Arméníà jẹ́ ilẹ̀ olókè kan tí kò ní etí òkun, tí Tọ́kì, Ìránì, Georgia àti Azerbaijan yí ká. Àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó fọ́n ká sí Rọ́ṣíà, Faransé, Amẹ́ríkà, Lẹ́bánónì, Ìránì àti ibòmíràn sì pọ̀ jù wọ́n lọ. Òkè Ararat, tí gbogbo ẹni tí ó ka Bíbélì mọ̀ nítorí ọkọ̀ Nóà, ni àwọn ará Yerevan, olú-ìlú wọn, ń rí ní òwúrọ̀ tí ojú ọ̀run bá mọ́. Wọ́n ń wò ó, ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ wọn. Inú ilẹ̀ Tọ́kì ni ó wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ojú èdè wọn ti rí, kí ó fi ọ̀rọ̀ òkè yìí sọ́kàn.

Ní ọdún 387, ilẹ̀ ọba Róòmù àti ilẹ̀ ọba Páṣíà pín Arméníà láàrin ara wọn, bí ìgbà tí ọdẹ méjì bá pín ẹtu. Àwọn ará ibẹ̀ ti di Kristẹni ṣáájú ìgbà náà, ṣùgbọ́n èdè Gíríìkì àti èdè Síríà ni a fi ń ka Ìwé Mímọ́ fún wọn. Àgbẹ̀ yóò wọ ilé ìsìn, yóò kúnlẹ̀, yóò dìde, yóò sì padà sílé láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mesrop Mashtots, tí ó ti ṣe akọ̀wé ní ààfin rí kí ó tó di oníwàásù, rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò lè máa lọ bẹ́ẹ̀. Sahak, olórí ìjọ, fọwọ́ sí i. Ọba Vramshapuh náà ràn án lọ́wọ́. Ní nǹkan bí ọdún 405, Mashtots gbé lẹ́tà 36 kalẹ̀, ó sì wọn wọ́n mọ́ èdè náà lára bí ẹni wọn aṣọ mọ́ ọmọ. Koriun, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ Bíbélì, Ìwé Òwe ni wọ́n fi ṣáájú. Èyí dùn mọ́ wa nínú púpọ̀, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bí èdè kan bá lágbára, òwe ni kí ó fi dán an wò.

Ní ọdún 428, ọdún 23 péré lẹ́yìn náà, ìjọba àwọn ọba Arméníà wó. Ẹ rò ó wò. Bí àwọn àgbà ìlú náà bá ti wí nígbà náà pé, “Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gba ìlú wa padà ná, ọ̀rọ̀ lẹ́tà lè dúró,” ta ni ìbá máa pe ara rẹ̀ ní ará Arméníà lónìí? Ọba lọ, lẹ́tà kò lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún, títí di ìsinsìnyí, ìjọ wọn a máa ṣe àjọ̀dún fún àwọn atúmọ̀ èdè, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìjọ mìíràn ti ń ṣe fún àwọn tí ó kú nítorí ìgbàgbọ́.

Àwọn ẹlẹ́gàn a máa béèrè pé kí ni èdè kékeré fi kún ọgbọ́n ayé. Eusebius ará Kesaríà kọ ìwé kan ní èdè Gíríìkì lórí àwọn ìjọba ayé àti ọdún wọn. Ìwé Gíríìkì náà sọnù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Arméníà ni ó bá wa pa á mọ́. Irenaeus, tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ní Lyons ní ilẹ̀ Faransé nígbà tí ìgbàgbọ́ Kristi ṣì wà lọ́mọdé, kọ ìwé kan lórí ìwàásù àwọn àpọ́sítélì. Gbogbo Yúróòpù ti gbàgbé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kí a tó rí i ní Yerevan ní 1904, ní èdè Arméníà. Èdè ńlá sọ ẹrù rẹ̀ nù, èdè kékeré sì bá a gbé e fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sì gba owó àrù.

Kí wá ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù fi san án fún èdè náà? Nítorí pé ọ̀rọ̀ Páṣíà pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀ka èdè Páṣíà lásán ni. Wọ́n sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé ẹlòmíràn. Ní 1875 ni Heinrich Hübschmann, ará Jámánì, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní, tí ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ àyálò ni àwọn wọ̀nyẹn, pé èdè Arméníà dá dúró fúnra rẹ̀ nínú ẹbí ńlá tí Gíríìkì, Látìnì àti Páṣíà jọ wà. Ẹni tí ó yá aṣọ wọ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ọmọ ẹni tí ó ni aṣọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá kì í ti òde nìkan wá. Èdè tí Mashtots kọ sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Grabar, dúró sójú kan nínú ìwé, èdè ẹnu sì ń rìn lọ. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1800, àlùfáà àti ọ̀mọ̀wé nìkan ni Grabar yé. Àwọn wọ̀nyí ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Wọ́n ní èdè ọjà àti èdè oko kò yẹ nínú ìwé. Khachatur Abovian, ọmọ abúlé Kanaker lẹ́bàá Yerevan, ni ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn náà. Ní 1841 ó kọ ìtàn àròsọ kan tí ó pè ní Ọgbẹ́ Arméníà, ní èdè abúlé rẹ̀ gan-an, kí ẹni tí ó ń túlẹ̀ lè gbọ́ ọ bí wọ́n bá kà á sí i létí. Kò rí i tẹ̀ jáde. Ní 1848 ó jáde kúrò nílé ní ọjọ́ kan, a kò sì rí i mọ́ títí di òní. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1858, ni wọ́n tó tẹ ìwé náà ní Tiflis. Ìjà Grabar àti èdè ẹnu gbóná ní gbogbo ọgọ́rùn-ún ọdún náà. Èdè ẹnu ni ó borí. Èdè tí wọ́n ní kò yẹ nínú ìwé ni wọ́n fi ń ṣòfin ní Yerevan lónìí.

Bákan náà ni ìtàn àwọn akọni Sasun, tí àwọn ará oko ti ń sọ lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún láìsí ọ̀mọ̀wé kan tí ó kà á sí. Bíṣọ́ọ̀bù Garegin Srvandztiants gbọ́ ọ lẹ́nu àgbẹ̀ kan ní agbègbè Mush, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Krpo. Ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1874. Lónìí, ìtàn náà ni gbogbo ọmọ ilé ìwé ń kọ́. Ẹnu àgbẹ̀ ni ó ti wá.

A kò lè fo ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀ka-èdè dá, nítorí níbẹ̀ ni ẹ̀gàn pọ̀ sí jù. Ará Ìjẹ̀bú, ará Èkìtì àti ará Oǹdó tí ń ka ìwé yìí kò ṣàìmọ bí ó ti ń rí nígbà tí ẹnìkan bá fi èdè ilé baba ẹni rẹ́rìn-ín. Láàrin àwọn ará Arméníà, Hrachia Acharian, tí a bí ní Istanbul ní 1876, ni ó fi òye dá àwọn ẹlẹ́rìn-ín lóhùn. Ní 1909 ó tẹ ìwé kan jáde ní Paris, nínú èyí tí ó to àwọn ẹ̀ka-èdè wọn lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n lé ní 30. Kò pín wọn sí èyí tí ó dára àti èyí tí ó bàjẹ́. Ó wo bí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti ń sọ ohun tí ènìyàn ń ṣe lọ́wọ́, ó sì rí ọ̀nà mẹ́ta. Bí ará Yerevan, ní ìhà ìlà-oòrùn, bá fẹ́ wí pé òun ń kọ̀wé, yóò ní “grum em”. Ará ìhà ìwọ̀-oòrùn, láti Istanbul títí dé Beirut, yóò kọ ọ́ ní “kë grem”. Bí ará Yerevan bá sì gbọ́ èyí, ohun tí yóò yé e ni pé ọ̀rẹ́ òun kò tíì kọ ohunkóhun, ó kàn ń ṣèlérí pé òun yóò kọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ̀ka kẹta wà ní ìhà Khoy àti Maragha ní ilẹ̀ Ìránì. Ẹni tí a ń pè ní Petros ní Yerevan ni wọ́n ń pè ní Bedros ní Beirut. Lẹ́tà kan náà ni àwọn méjèèjì fi kọ orúkọ náà, ahọ́n ni ó yàtọ̀.

Kí a tó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹ̀ka-èdè wọ̀nyí ní ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn tí Acharian kà wọ́n tán, ẹ jẹ́ kí a dá àwọn tí ń wí pé èdè kékeré kò lè bọ́ni lóhùn. Jugha jẹ́ ìlú àwọn oníṣòwò létí odò Aras. Ní 1604 àti 1605, Shah Abbas, ọba Páṣíà, lé wọn kúrò níbẹ̀, ó sì kó wọn lọ sí Isfahan. Wọ́n tẹ ìlú tuntun dó síbẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Jugha Tuntun. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ṣẹ́dà dé Íńdíà, dé Venice, dé Amsterdam. Èdè wo ni wọ́n fi ń ṣírò owó? Èdè àdúgbò Jugha ni! Ní 1748, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Santa Catharina ní òkun Íńdíà. Ìwé tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n bá nínú rẹ̀, èdè Jugha ni a sì fi kọ wọ́n: ọ̀rọ̀ ọjà, ọ̀rọ̀ gbèsè, ọ̀rọ̀ bàbá sí ọmọ. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa kò sí nítòsí láti sọ fún wọn pé èdè àdúgbò kò lè bọ́ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi í ṣòwò tí wọ́n sì ń là. Ìwé àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ ní ilẹ̀ Páṣíà, Orin Dáfídì ti 1638, ọwọ́ wọn ni ó ti jáde. Kì í ṣe àwọn ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí Hakob Meghapart ti fi lẹ́tà Mashtots tẹ̀wé ní Venice ní 1512. Ní Madras, ní ilẹ̀ Íńdíà, ni àlùfáà Harutiun Shmavonian sì ti gbé ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ wọn jáde ní 1794. Àwa tí ń ṣe ìwé ìròyìn mọ ohun tí ó gbà kí àlùfáà kan ṣoṣo tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìlú àjèjì.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ.

Ní 1903, ìjọba Tsar ní Rọ́ṣíà gba gbogbo dúkìá ìjọ àwọn ará Arméníà, nítorí dúkìá yẹn ni wọ́n fi ń bọ́ ilé ìwé wọn. Àwọn ará ìlú kọ̀ jálẹ̀. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ káàkiri. Ní 1905 ọwọ́ Tsar rọ̀, ó dá dúkìá náà padà. Ọ̀bẹ yẹn kò mú tó.

Èyí tí ó mú ni ti àwọn alákòóso ilẹ̀ ọba Ottoman ní Istanbul. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1915, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn olórí, àwọn akéwì, àwọn olùkọ́ àti àwọn akọ̀wé ìròyìn tí ó jẹ́ ará Arméníà ní Istanbul. Ẹ kíyè sí i: àwọn tí ń kọ̀wé ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Akéwì Daniel Varoujan, akéwì Siamanto, akéwì Ruben Sevak, wọ́n pa gbogbo wọn ní ọdún kan náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kó àwọn ará ìlú àti abúlé, àtàgbà àtèwe, wọ́n lé wọn gba aṣálẹ̀ Síríà lọ. Àwọn tí ó kú tó mílíọ̀nù kan, ọ̀pọ̀ òpìtàn sì ní wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Van, Mush, Kharpert, Sasun: ẹ wo àwọn orúkọ wọ̀nyí nínú ìwé Acharian, ẹ ó rí ẹ̀ka-èdè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 1909 àwọn ọmọdé ń fi wọ́n ṣeré lójú pópó. Ní 1916 ìwọ̀nba àwọn tí ó sá àsálà ni ó kù tí ń sọ wọ́n, nínú àgọ́ àwọn ìsáǹsá. Àbí àwọn èdè wọ̀nyí náà pọ́n bí ewé, tí wọ́n sì já bọ́?

Ó yẹ kí a sọ ti Komitas níhìn-ín. Ní 1869 ni a bí i ní Kütahya, ìlú kan tí èdè Tọ́kì ti gba ẹnu àwọn ará Arméníà pátápátá. Nígbà tí wọ́n mú un dé Etchmiadzin, ibùjókòó olórí ìjọ wọn, ní 1881, ọmọ òrukàn ni, kò sì gbọ́ èdè baba rẹ̀. Orin ìsìn nìkan ni ó mọ̀ ọ́n kọ, láìmọ ìtumọ̀ ohun tí ó ń kọ. Ọmọ yìí kọ́ èdè náà, ó di àlùfáà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti abúlé dé abúlé, ó ń kọ orin àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀: orin ìtúlẹ̀, orin ìpakà, orin ìgbéyàwó. Àwọn àgbẹ̀ kì í fẹ́ kọrin lójú àlùfáà, nítorí náà a máa jókòó sí ibi tí wọn kò ti ní rí i. Orin kan tí àwọn ará Lori fi ń túlẹ̀, òun nìkan ni ó kọ odidi ìwé àlàyé lé lórí, bí ó ti bá ìrìn màlúù àti ìyípadà ebè mu. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin 1915 ni wọ́n mú un pẹ̀lú àwọn yòókù. Wọ́n dá a sílẹ̀ níkẹyìn, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ rí dá ọkàn rẹ̀ rú. Ó lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún rẹ̀ tí ó kù ní ilé ìtọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ, ó sì kú ní Paris ní 1935. Púpọ̀ nínú ohun tí ó kó jọ sọnù.

Nínú wàhálà náà, ẹ wo ohun tí àwọn obìnrin méjì ṣe gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí àwọn ará Arméníà ń sọ. Ìwé àfọwọ́kọ ńlá kan wà ní Mush, ìwé ìwàásù tí a parí ní nǹkan bí 1202, awọ màlúù ni ewé rẹ̀, ó sì wúwo tó kílógíráàmù 28. Àwọn obìnrin méjèèjì bá a nínú ilé ìsìn tí a ti jó. Wọn kò lè gbé e tán, wọ́n là á sí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé tirẹ̀. Ọ̀kan fi ẹsẹ̀ rìn dé Etchmiadzin. Èkejì kò débẹ̀. Ó ri tirẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú àgbàlá ilé ìsìn kan ní Erzurum, níbi tí a ti wá hú u jáde lẹ́yìn náà. Lónìí ìwé náà wà ní Yerevan, ní Matenadaran, ilé tí a kọ́ fún ìwé àfọwọ́kọ, tí ó ní nǹkan bí 17,000 irú wọn. Ẹni tí ebi ń pa, tí ikú ń lé, kò gbé oúnjẹ, ìwé ni ó gbé! Kí ẹni tí ó bá ní èdè kò tó ohun tí ènìyàn ń kú fún lọ síbẹ̀ lọ wò ó.

Àwọn Yorùbá ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ilẹ̀ ọba Ottoman ti wó. Ìjọba Tọ́kì tí ó rọ́pò rẹ̀ ní 1923 gba epo náà, títí di ìsinsìnyí kò sì gbà pé ìpakúpa ẹ̀yà ni ó ṣẹlẹ̀. Ní 1928 wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé kí gbogbo ọmọ ìlú máa sọ èdè Tọ́kì. Ní 1934 òfin orúkọ ìdílé ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi “yan” parí orúkọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni “yan” yìí ni a fi ń dá orúkọ ará Arméníà mọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún abúlé ni wọ́n yí orúkọ wọn padà. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó ya ni lẹ́nu: ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Tọ́kì ni Akabi Hikâyesi, tí Vartan Pasha kọ ní 1851. Ará Arméníà ni ó kọ ọ́, lẹ́tà Mashtots ni ó sì fi kọ èdè Tọ́kì náà. Wọ́n ń lé ẹni tí ó bá wọn fi òkúta lélẹ̀ kúrò nínú ilé. Hrant Dink, tí ó dá ìwé ìròyìn Agos sílẹ̀ ní Istanbul ní 1996, ní èdè Tọ́kì àti èdè Arméníà, sọ̀rọ̀ náà láìbẹ̀rù. Ní ọjọ́ 19 oṣù kìn-ín-ní 2007, wọ́n yìnbọn pa á níwájú ọ́fíìsì rẹ̀. Agos kò dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Jamanak, ìwé ìròyìn èdè Arméníà tí ó ti ń jáde ní ìlú kan náà láti 1908.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ rí bí a ti ń jí èdè dìde, kí ó wo Lẹ́bánónì. Púpọ̀ nínú àwọn ìsáǹsá tí ó dé Beirut láti Adana àti àyíká rẹ̀ ni kò gbọ́ èdè Arméníà; èdè Tọ́kì ni wọ́n ń sọ nílé. Àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ òṣèlú wọn kọ́ ilé ìwé fún wọn kí wọ́n tó kọ́ ilé gidi. Láàrin ìran kan, àwọn ọmọ ń sọ èdè tí ìyá wọn kò gbọ́. Àwọn mìíràn dé ilẹ̀ tiwa yìí, Áfíríkà: ní 1924, Ras Tafari, tí ó di Haile Selassie, rí ogójì ọmọ òrukàn ará Arméníà ní Jerúsálẹ́mù tí wọ́n ń fun fèrè, ó sì kó wọn lọ sí Addis Ababa láti jẹ́ ẹgbẹ́ onífèrè ìjọba. Kevork Nalbandian, ọ̀gá wọn, ni ó ṣe ohùn orin ilẹ̀ Etiópíà tí wọ́n kọ títí di ìgbà ìṣubú ọba náà ní 1974.

Àwa kò ní bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ nítorí pé a fẹ́ràn ẹnìkan. Àwọn ilé ìwé Beirut wọ̀nyí gba èdè náà là, ṣùgbọ́n èdè ìwé ti Istanbul nìkan ni wọ́n gbà là. Èdè àwọn ará Kessab àti ti Musa Dagh, tí ó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ, di ohun tí ọmọ ilé ìwé ń tijú láti sọ. Ẹni tí a fi ẹ̀gàn lé jáde kò yẹ kí ó fi ẹ̀gàn lé àbúrò rẹ̀.

Ìjọba Sófíẹ́tì, ní tirẹ̀, fi ọwọ́ kan fún wọn, ó fi ọwọ́ kejì gbà á. Lábẹ́ rẹ̀, èdè Arméníà ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ láti kíláàsì àkọ́kọ́ títí dé yunifásítì. Acharian náà wá sí Yerevan ní 1923, ó sì tẹ ìwé atúmọ̀ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ èdè wọn jáde, ìwé ńláńlá, láàrin 1926 àti 1935. Ṣùgbọ́n ní 1922 ìjọba náà yí àkọtọ́ padà. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi kò tẹ̀lé e, títí di òní sì ni àkọtọ́ méjì fi wà láàrin ènìyàn kékeré bẹ́ẹ̀. Ní 1937 wọ́n ju Acharian sẹ́wọ̀n fún ọdún méjì. Akéwì Yeghishe Charents kú sínú ẹ̀wọ̀n ní Yerevan ní ọdún kan náà. Wọ́n yìnbọn pa Aksel Bakunts. Acharian jáde, ó sì padà sídìí iṣẹ́: ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀ka-èdè Hamshen jáde ní 1947, ti Van ní 1952, ọdún kan kí ó tó kú. Ọkùnrin tí ó ti ka àwọn alààyè ni ó tún jókòó ti àwọn tí ó ṣẹ́kù.

Hamshen yìí kọ ẹnu sí àwọn tí ó rò pé ọ̀rọ̀ ìsìn nìkan ni. Ní ìhà Hopa ní Tọ́kì, létí Òkun Dúdú, àwọn Mùsùlùmí wà tí wọ́n ń sọ èdè Hamshen nínú ilé wọn di òní. Ìran baba wọn ti yí ìsìn padà tipẹ́. Èdè ni kò yí. Kò sí ilé ìwé kan tí ó ń kọ́ ọmọ wọn ní èdè náà. Ní 2010, àjọ UNESCO kọ èdè Arméníà ti ìwọ̀-oòrùn, èyí tí Varoujan fi kéwì, sínú ìwé àwọn èdè tí ó wà nínú ewu ní Tọ́kì.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ìtàn àtijọ́ ni a ń pa, kí ó yíjú sí Azerbaijan. Ní itẹ́ òkú Jugha àtijọ́, létí odò Aras, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkúta àgbélébùú wà tí a gbẹ́ bí ẹni ń hun aṣọ. Láti 1998 ni wọ́n ti ń fọ́ wọn. Ní oṣù kejìlá 2005, àwọn ènìyàn dúró ní èbúté Ìránì ní òdìkejì odò, wọ́n ya fíìmù àwọn ọmọ ogun bí wọ́n ti ń fi òòlù fọ́ ìyókù. Ìjọba Azerbaijan sẹ́ kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ti Karabakh, ilẹ̀ olókè tí ẹ̀ka-èdè rẹ̀ le létí ará Yerevan débi pé a máa ní kí wọ́n tún un sọ. Láti oṣù kejìlá 2022 ni wọ́n ti dí ọ̀nà kan ṣoṣo tí oúnjẹ ń gbà wọ ibẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 2023 àwọn ọmọ ogun Azerbaijan wọ ibẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ó lé ní 100,000 ènìyàn tí ó sá lọ sí Arméníà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ará Arméníà tí ó wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa yóò kọ ọ́ ní ọdún díẹ̀ sí i pé ẹ̀ka-èdè Karabakh rọ bí ewé. A kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ níhìn-ín kí wọ́n má baà rí àyè purọ́.

Àwọn tí ó sá wá wà ní Yerevan àti àwọn abúlé Arméníà nísinsìnyí, nínú yàrá àyálò, àwọn ọmọ wọn sì ti ń sọ̀rọ̀ bí àwọn ọmọ Yerevan kí wọ́n má baà fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìjọba Yerevan àti àwọn olówó wọn ní Los Angeles, ní Paris àti ní Moscow ni ọ̀rọ̀ yìí kàn lónìí, kò kan Tsar, kò kan Istanbul. Acharian kò ní ju ìwé àti kálámù lọ. Àwọn ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí ń wọ àpò aṣọ. Kí wọ́n rán ènìyàn lọ jókòó ti àwọn àgbà wọ̀nyí, kí wọ́n sanwó fún ẹni tí ń kọ ọ́ sílẹ̀ àti ẹni tí ń sọ ọ́, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún.